Ìlẹ̀kùn tí mo tì lọ́jọ́ náà

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí, mo máa bẹ̀rẹ̀ mo máa tún pa á tì, torí apá tó kàn mí gan-an nínú ẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń fi yangàn. Ọ̀rọ̀ July 22, 2011 ni, ní Oslo, olú ìlú Nọ́wè, ọjọ́ tí ọkùnrin kan péré pa èèyàn 77 láàárín wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. Anders Behring Breivik lorúkọ ẹ̀. Mo dárúkọ ẹ̀ báyìí kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tí mò ń sọ, mi ò ní tún dárúkọ ẹ̀ mọ́, ó ti gbádùn orúkọ ara ẹ̀ tó.

Mo wà ńbẹ̀ nígbà yẹn. August 2009 ni mo dé Nọ́wè láti Àkúrẹ́, mo wá ṣe máásítà, mo sì ń ṣiṣẹ́ kílínà lálẹ́, kí n má fi bò yín, ilẹ̀ ọ́fíìsì ni mò ń gbá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mò ń fọ̀. Mi ò tíì lo oṣù márùn-ún níbẹ̀ tí ọmọ Nàìjíríà kan fi di bọ́ǹbù mọ́ pátá lọ́jọ́ Kérésì tó fẹ́ já bààlúù kan bọ́ lókè Detroit. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun nígbà yẹn, ẹ máa rántí. Pásípọ́ọ̀tù àwọ̀ ewé wa di nǹkan tí wọ́n ń fi ìka méjì mú bí ẹja tó ti rà. Wọ́n yọ mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ẹ́apọọ̀tù, wọ́n tú bàtà mi, wọ́n tú gàrí mi, ọ̀kan nínú wọn ti imú bọ gàrí yẹn bíi pé ó máa bú gbàmù. Àtìgbà yẹn, tí nǹkan burúkú bá ti ṣẹlẹ̀ níbikíbi láyé, kí n tó bi ara mi pé èèyàn mélòó ló kú, àdúrà tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé Ọlọ́run má jẹ́ ó jẹ́ tiwa.

Ẹni tá a jọ ń gbé, ọmọ Sòmálíà ni. Takisí ló ń wà, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, bọ̀dá ni mò ń pè é, àbúrò lòun náà ń pè mí. Grønland là ń gbé, àdúgbò táwọn àlejò pọ̀ sí jù nínú Oslo, tó o bá jáde wàá rí Pakistani tó ń ta ata, wàá rí ará Tọ́kì tó ń gé irun. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Tó bá se ìrẹsì ẹran ewúrẹ́ ẹ̀ yẹn, tèmi máa wà nínú abọ́, yóò fi nǹkan dé e. Mò ń sọ ìyẹn fún yín ṣáájú kẹ́ ẹ lè mọ bí ohun tí mo ṣe ṣe rí.

Ọjọ́ Friday ni, òjò ń ṣẹ́ wẹliwẹli. Ẹni tó bá mọ Nọ́wè á mọ̀ pé ní July, gbogbo ìlú ló máa ń lọ họ́lídè, ìgboro máa ń dá páropáro, tó bá sì ti di Friday, aago mẹ́ta ọ̀sán, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń lọlé. Ọlọ́run ló fi ìyẹn ṣe é, torí ká ní ọjọ́ iṣẹ́ gidi ni, mi ò mọ iye tí ò bá kú. Mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí mo ti fẹ́ ra nǹkan nítòsí Storgata, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 25, mo kàn gbọ́ gbòlà! Ilẹ̀ mì. Mo kọ́kọ́ rò pé ààrá ni nítorí òjò tó ń rọ̀, mo tiẹ̀ wojú ọ̀run. Àfi bí gíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀ láti òkè, tí bébà funfun ń fò kiri lójú sánmà bíi lékèélékèé. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn èèyàn ò pariwo. Ká ní Ọ̀jà Ọba ni, wàá ti gbọ́ yéè, wàá ti gbọ́ Jésù, níbẹ̀ wọ́n kàn ń rìn kíákíá tí ojú wọn funfun, obìnrin kan ń ṣẹ̀jẹ̀ níwájú orí, ó ń tún báàgì ẹ̀ gbé kọ́ èjìká bíi pé nǹkan kan ò ṣe é.

Mo sáré padà sílé. Bọ́ǹbù inú mọ́tò fáànù ni, ọkùnrin yẹn ló gbé e síwájú ilé iṣẹ́ ìjọba níbi tí ọ́fíìsì Prime Minister wà, èèyàn mẹ́jọ ló kú síbẹ̀. Jens Stoltenberg tó jẹ́ Prime Minister nígbà yẹn ò sí ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, lẹ́yìn la gbọ́. Lásìkò yẹn, tẹlifíṣọ̀n ni mo tàn, àwọn onímọ̀ tí wọ́n jókòó sí stúdíò ní ìlú ibòmíì sì ti ń ṣàlàyé fún gbogbo ayé pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Al-Qaeda, pé Nọ́wè ní sójà ní Afghanistan, pé bààlúù wọn wà lára àwọn tó ń ju bọ́ǹbù sí Líbíà. Ó bọ́gbọ́n mu létí. Èmi náà ń mi orí.

Bọ̀dá wà ní kíṣìnì. Ó ń fi Sòmálì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn ẹ̀ ń lọ sókè ó ń bọ̀ nílẹ̀, ó ń rìn lọ rìn bọ̀, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Mi ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n etí mi ń túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Ẹ gbọ́ mi o, mo dìde mo ti ìlẹ̀kùn yàrá mi, mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo kó pásípọ́ọ̀tù àti sátífíkéètì mi sínú báàgì kan, mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mo ń ro ohun tí màá sọ tí ọlọ́pàá bá já ilẹ̀kùn wọlé wá mú un. Màá ní mi ò mọ̀ ọ́n dáadáa. Màá ní ilé nìkan la jọ ń san owó ẹ̀.

Màámi pè láti Àkúrẹ́, wọ́n ti rí i lórí CNN. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dúpẹ́ tán pé mo wà láàyè, wọ́n ní ta là ń jọ gbé gan-an? Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní Mùsùlùmí ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní, "Jáde ńbẹ̀. Kó ẹrù ẹ kó o jáde ńbẹ̀ lálẹ́ yìí." Ẹ wá wò ó o, bàbá màámi gan-an, Alhaji ni, Ìwó ni wọ́n sin wọ́n sí. Ilé ọkọ ni màámi ti di oníṣọ́ọ̀ṣì. Èmi tí mò ń sọ yìí, ẹran Iléyá ló tọ́ mi dàgbà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé omi àlùwàlá fún bàbá àgbà kí n tó mọ ABD. Ní Ìwó, tẹ́nì kan bá dédé sọ fún wa pé ẹ̀sìn bàbá àgbà ló ń pa èèyàn, a ó bá a jà. Mo dé Oslo, bọ́ǹbù dún ẹ̀ẹ̀kan, mo ti gbàgbé bàbá àgbà.

Ó máa tó aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje kí n tó gbọ́ kọ̀ kọ̀ kọ̀ lára ìlẹ̀kùn. Mi ò dáhùn. Ó tún kàn án, ó ní "Àbúrò, jọ̀wọ́, ṣé o ní ṣájà? Tèmi ti kú." Mo ṣí i díẹ̀, ìlàjì ojú ni mo fi wò ó. Ojú ẹ̀ ti wú. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun wà ní Utøya.

Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ Utøya nígbà yẹn. Erékùṣù kékeré kan ni, nínú adágún tí wọ́n ń pè ní Tyrifjorden, kò jìnnà sí Oslo. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, ẹgbẹ́ Prime Minister ìgbà yẹn, ló ni ín, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe káńpù níbẹ̀, wọ́n á pàgọ́, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, àwọn olóṣèlú á wá bá wọn sọ̀rọ̀. Èèyàn 564 ló wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Lẹ́yìn tó gbé bọ́ǹbù kalẹ̀ ní Oslo tán, ọkùnrin yẹn wọ mọ́tò kejì, ó wà á lọ síbẹ̀, ó wọ aṣọ ọlọ́pàá. Ó sọ fún wọn létí omi pé òun wá ṣètò ààbò nítorí bọ́ǹbù tó dún ní ìgboro. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi tiwọn gbé e kọjá, wọ́n tún bá a gbé ẹrù. Àwọn ọmọ yẹn ti ń gbọ́ nípa bọ́ǹbù, ẹ̀rù ti ń bà wọ́n, wọ́n rí ọlọ́pàá, ọkàn wọn balẹ̀. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn títí dòní. Ó ń pè wọ́n pé ẹ bọ́ síta, ọlọ́pàá ni mí, àwọn tó sá pamọ́ sì ń bọ́ síta.

Ó ju wákàtí kan lọ tó fi ń rìn kiri ńbẹ̀ tó ń yìnbọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bọ̀dá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ pé kí wọ́n má pe òun, kí fóònù má bàa dún. Ohun tí bọ̀dá ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ ní kíṣìnì nìyẹn, tí mo ti ìlẹ̀kùn mọ́. Ó ń bẹ ẹ́ pé kó má pe ọmọ náà. Kó gbé fóònù sílẹ̀. Kó má pè é.

Mo fún un ní ṣájà. Mo jáde, mo jókòó tì í ní kíṣìnì. Mi ò sọ fún un pé mo ti ti ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yẹn máa ń pariwo, ó ti gbọ́ ọ.

Bí ọmọ náà ṣe yè, ó lúwẹ̀ẹ́. Omi tútù, òjò, ẹsẹ̀ lásán. Àwọn tó wà ní káńpù àwọn arìnrìn-àjò létí òdìkejì omi ni wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tiwọn jáde, láìsí ìbọn, láìsí nǹkan kan, wọ́n ń lọ kó àwọn ọmọ lójú omi nígbà tẹ́nì kan ń yìnbọn sí wọn. Ará Jámánì kan tó wá ṣe họ́lídè wà lára wọn, àwọn obìnrin méjì kan náà wà ńbẹ̀. Ní ti àwọn ọlọ́pàá, kí n má purọ́, ojú ń tì wọ́n lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí. Hẹlikópítà wọn ò rí ẹni gbé e nítorí àwọn awakọ̀ ẹ̀ ti lọ họ́lídè, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kọ́kọ́ kó sí, wọ́n pọ̀ jù nínú ẹ̀, omi wọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì kú. Kódà ẹnì kan ti rí ọkùnrin yẹn nígbà tó ń kúrò níbi bọ́ǹbù, ó ti pe ọlọ́pàá, ó ti ka nọ́ńbà mọ́tò ẹ̀ fún wọn, wọ́n kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan, bébà náà jókòó síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ló kó gbogbo èyí síta ní August 2012, wọ́n ní bọ́ǹbù yẹn ì bá ṣeé dènà, wọ́n ní ọwọ́ ì bá ti tètè bà á. Ìjọba fúnra wọn ló ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, gbogbo èèyàn kà á. Ẹ jẹ́ kí n kọjá ibẹ̀ torí tí n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wé ilé, a ò ní lọ sùn.

Nígbà tí wọ́n mú un, kò jà, ó kàn gbé ọwọ́ sókè. Òun fúnra ẹ̀ ti fi fóònù pe ọlọ́pàá nígbà kan pé òun fẹ́ tẹríba, ó gbé e sílẹ̀, ó tún ń pa èèyàn lọ. Èèyàn 69 ló kú ní Utøya. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wà nínú wọn.

Ní òru yẹn ni ìròyìn jáde pé ọmọ Nọ́wè ni, pé irun ẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, pé Oslo ni wọ́n bí i sí. Èmi àti bọ̀dá wo ara wa. Ó ní Alhamdulillah. Èmi náà ní a dúpẹ́ o. A rẹ́rìn-ín! Àwọn ọmọ ṣì wà létí omi tí wọn ò tíì kó, àwa méjì ń rẹ́rìn-ín ní kíṣìnì nítorí pé kì í ṣe tiwa. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín yẹn gbẹ lẹ́nu wa. Bọ̀dá dìde lọ kírun. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n ti ti àwọn Mùsùlùmí kan nínú ọ̀nà, wọ́n ti bú wọn, nígbà tí bọ́ǹbù ṣẹ̀ṣẹ̀ dún. Ó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ò fi lè jáde lọ wá ọmọ náà pẹ̀lú takisí tiẹ̀, ó ń bẹ̀rù pé tí wọ́n bá rí aláwọ̀ dúdú onírùngbọ̀n tó ń sáré bọ̀ lọ́nà Utøya, ìbọn ni.

Ní Monday, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ìyá àgbàlagbà kan ọmọ Nọ́wè, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ó ń wo fọ́tò ọkùnrin tó pààyàn yẹn nínú ìwé ìròyìn, ó ní "Ó lè jẹ́ ọmọ mi." Ohun tó sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nǹkan bíi 200,000 èèyàn kó òdòdó rose jáde ní Oslo, a pọ̀ débi pé a ò lè rìn mọ́, a kàn dúró. Ní Friday tó tẹ̀ lé e, mo rí i nínú ìròyìn bí wọ́n ṣe sin ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún kan tí ìdílé ẹ̀ sá wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Kurd ní Írákì, pásítọ̀ àti lèmọ́ọ̀mù jọ rìn tẹ̀ lé pósí láti ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ní irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Mo ní nílé tiwa kẹ̀? Ìsìnkú wo la ti fẹ́ ṣe tí Alhaji àti Díákónì ò ní jọ jókòó sábẹ́ kánópì kan? Ojú sì tún tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Nípa ọkùnrin náà fúnra ẹ̀. Mo jìn sínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́dún yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ ọdún 32 ni, bàbá ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ẹ́ńbásì, nọ́ọ̀sì ni ìyá ẹ̀, wọ́n ti pínyà látìgbà tó wà ní kékeré. Ó ti wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan tí ò fẹ́ àlejò púpọ̀, ó fi wọ́n sílẹ̀, wọn ò gbóná tó fún un. Ó ta sátífíkéètì ayédèrú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí owó díẹ̀, ó padà sí ilé ìyá ẹ̀ tó ti jókòó ti géèmù kọ̀ǹpútà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló lọ háyà oko, ó pe ara ẹ̀ ní àgbẹ̀ kó lè rí ajílẹ̀ rà lọ́pọ̀ fún bọ́ǹbù ẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń kí i. Ó ní ìdí tóun fi pa àwọn ọmọ yẹn ni pé ẹgbẹ́ Labour ló ń jẹ́ kí àwọn Mùsùlùmí gba Yúróòpù, pé òun ń pa àwọn olórí ọ̀la. Ó ní òun wà nínú ẹgbẹ́ jagunjagun kan, ọlọ́pàá wá a títí, wọn ò rí ẹgbẹ́ kankan. Òun nìkan ni.

Ìwé tó kọ ju 1,500 ojú ewé lọ, ó fi í ránṣẹ́ sáwọn èèyàn kí bọ́ǹbù tó dún. Mo wà á sórí kọ̀ǹpútà mi. Mo fẹ́ mọ ibi tí orí ẹ̀ ti dàrú. Mo kà á dé ibì kan, mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì ló dà síbẹ̀, kò tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tó bó ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lẹ́rù, tí mo fi pa á rẹ́, ni pé mo rí ibì kan tó ń sọ nípa àwọn tí kò mọ̀ rí, pé bákan náà ni gbogbo wọn, mo sì mọ ohùn yẹn. Mo ti gbọ́ ọ nínú orí èmi fúnra mi ní July 22, láàárín aago mẹ́rin sí aago mẹ́fà ààbọ̀. Tèmi ò jù pé mo ti ìlẹ̀kùn. Mo mọ̀. Mi ò nílò kí ẹnì kan sọ fún mi pé ìlẹ̀kùn títì kì í ṣe ìbọn.

Wọ́n gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù ní April 2012. Àwọn dókítà ọpọlọ àkọ́kọ́ ní orí ẹ̀ ò pé, àwọn kejì ní ó pé, òun fúnra ẹ̀ ń jà pé orí òun pé, torí tí wọ́n bá pè é ní wèrè, gbogbo ìwé tó kọ di ọ̀rọ̀ wèrè nìyẹn. Kọ́ọ̀tù ní orí ẹ̀ pé. Lọ́yà tó gbèjà ẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ Labour ni, ẹ ò rí nǹkan! Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni pé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó kú, wọ́n ń gbé fọ́tò ẹ̀ jáde, wọ́n ń ka irú èèyàn tó jẹ́, ohun tó fẹ́ràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó, wọ́n kà á sí i létí.

Nígbà tó bẹnu àtẹ́ lu orin ọmọdé kan ní kọ́ọ̀tù, pé orin yẹn ni wọ́n fi ń ba orí àwọn ọmọ Nọ́wè jẹ́, nǹkan bíi 40,000 èèyàn lọ dúró sí Youngstorget, gbàgede kan ní Oslo, nínú òjò, wọ́n kọ orin náà. Bọ̀dá ló ní ká lọ. Èmi ò mọ orin, mò ń la ẹnu lásán. Bọ̀dá mọ gbogbo ẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kọ́ ọ ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ni wọ́n dá fún un. Mo pe màámi. Wọ́n dákẹ́ lọ bí ìṣẹ́jú kan, ìyá ọlọ́jà ni wọ́n, mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣírò. Wọ́n ní, "Ó jẹ́ oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ lórí orí kan. Ẹni tó bá jí ewúrẹ́ níbí á lò jù bẹ́ẹ̀ lọ." Mo ṣàlàyé fún wọn pé irú ẹ̀wọ̀n yẹn, tí 21 bá pé tí wọ́n bá rí i pé ó ṣì léwu, wọ́n lè máa fi ọdún márùn-ún márùn-ún kún un títí tó fi máa kú síbẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí wọn ò kúkú sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò rí èsì. Èmi náà, nígbà tí mo gbọ́ pé yàrá mẹ́ta ló ní lẹ́wọ̀n, pé ó ní ẹ̀rọ géèmù, tó tún pe ìjọba lẹ́jọ́ pé wọ́n ń fìyà jẹ òun, inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Ní 2022 tó ní kí wọ́n tú òun sílẹ̀, ó tún na ọwọ́ bíi ti Hitler nínú kọ́ọ̀tù, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀, wọ́n ní rárá. Bọ̀dá ní tí wọ́n bá pa á, á di ẹni mímọ́ fún àwọn irú ẹ̀. Mo ní ó ti di í ná. Lóòótọ́, ẹni tó pa èèyàn 51 ní mọ́ṣáláṣí méjì ní Christchurch ní 2019 dárúkọ ẹ̀ nínú ìwé tiẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, èmi àti bọ̀dá ò tíì fẹnu kò.

Bọ̀dá ti gbéyàwó, ó ti kó lọ síbòmíì, èmi náà ti kó kúrò ní Grønland. Ó pẹ́ díẹ̀ tá a ti bára wa sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ ṣẹlẹ̀. June 5, 2022, ọjọ́ Sunday Pẹ́ńtíkọ́sì, táwọn agbébọn pa àwọn tó wá jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis. Àbúrò màámi ń gbé Ọ̀wọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n ń lọ. Mò ń pè, fóònù ò lọ. Wọn ò tíì kó òkú tán lórí WhatsApp wa tí àwọn èèyàn ti ń dárúkọ ẹ̀yà, ẹ lọ lé wọn kúrò nílẹ̀ Yorùbá, ẹ dáná sun wọ́n. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ti tẹ ìlà mẹ́ta tí fóònù fi dún lọ́wọ́ mi.

Bọ̀dá ni. Kò kí mi. Ó ní, "Àbúrò, ìlú yín kọ́ nìyẹn? Ṣé ẹ ti rí gbogbo àwọn èèyàn yín?"